Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí í Dán Ọwọ́ Oníṣẹ́-abẹ Wò

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1824, ní ìlú Paris, dókítà kan tí ń jẹ́ Jean Civiale ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ìtọ̀ aláìsàn kan títí ó fi dé inú àpò ìtọ̀, ó fi ẹnu irin náà mú òkúta tí ó wà níbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kàn án lára. Ṣáájú àsìkò yẹn, ṣe ni wọ́n máa ń di irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n á la abẹ́ rẹ̀ láìsí oògùn tí ń múni sùn, kí wọ́n tó fa òkúta jáde. Civiale kò rí ohun tí ó ń ṣe. Ìka rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1835, iye tí ó kó jọ dé iwájú àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Faransé: nínú 100 ẹni tí wọ́n là, nǹkan bíi 19 ni ó ń kú, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bíi 2 péré ni ó ń kú nínú 100 tí wọ́n fọ́ òkúta wọn lọ́nà tirẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí wà, nítorí pé ẹnì kan ka iṣẹ́ ọwọ́ dípò kí ó kàn máa fi ẹnu yìn ín.

Ṣùgbọ́n kíka òkú àti alààyè kò sọ bí a ṣe lè kọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1889, oníṣẹ́-abẹ àgbà William Halsted là á kalẹ̀ pé kí ọ̀dọ́ dókítà máa gbé inú ilé ìwòsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lé e lọ́wọ́ sì máa wúwo sí i bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń mọ́. Ètò náà tàn kálẹ̀, ó sì so èso rere, àmọ́ ara aláìsàn ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ojú ọ̀gá nìkan sì ni òṣùwọ̀n. (Télọ̀ àdúgbò wa gan-an kì í gbé àǹkárá oníbàárà fún ọmọ iṣẹ́ tuntun, bébà ni yóò kọ́kọ́ fún un kí ó fi kọ́ bí ìlà ṣe ń gún.)

Ní ọjọ́ 25 oṣù Òkudù ọdún 1990, ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, Ralph Clayman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ojú ihò kéékèèké yọ kíndìnrín obìnrin ẹni ọdún 85 kan. Kámẹ́rà ni ó ń ríran fún wọn, irin gígùn sì ni ó ń ṣiṣẹ́ ìka. Nínú irú iṣẹ́ yìí, bí ọwọ́ bá lọ sí ọ̀tún, ẹnu irin á lọ sí òsì. Àwọn àgbà tí ọ̀bẹ ti mọ́ lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́ tún wá di ọmọ iṣẹ́.

Ìdáhùn sí bí wọ́n ṣe máa wọn ọwọ́ oníṣẹ́-abẹ dé láti Kánádà. Ní Toronto, Richard Reznick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé OSATS, ìdánwò bí ọwọ́ ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́-abẹ ṣe mọ́ tó, jáde ní ọdún 1997, nínú èyí tí olùyẹ̀wò ń fi máàkì 1 sí 5 wọn ohun méje, títí kan bí ọwọ́ ṣe rọra mú ẹran ara àti bí ó ṣe ń ṣòfò ìrìn tó. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Gerald Fried àti Anna Derossis ní yunifásítì McGill ṣàlàyé àpótí ìdánrawò tiwọn. Ènìyàn á ki ẹ̀mú méjì bọ inú àpótí, á máa wo amóhùnmáwòrán, á fi ọwọ́ kan yọ òrùka rọ́bà lórí èèkàn, á gbé e fún ọwọ́ kejì lójú òfuurufú, á sì fi í kọ́ èèkàn mìíràn, títí tí òrùka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi máa kọjá tí wọ́n á sì padà. Aago ń lọ, òrùka tí ó bá sì já bọ́ síbi tí kò ti ṣeé mú ti di ẹ̀bi.

Àpótí yìí ni ó di FLS, ìdánwò ìpìlẹ̀ iṣẹ́-abẹ ojú ihò kéékèèké, ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣẹ́-abẹ ọ̀nà-ìtọ̀ ní Yúróòpù náà ṣe tiwọn, E-BLUS, wọ́n sì fi títọ́ abẹ́rẹ́ gba inú àwọn òrùka kún un. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ wúlò, nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ẹṣẹ́ próstéètì tí ó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, dandan ni kí wọ́n rán ẹnu àpò ìtọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ìtọ̀ ní ìsàlẹ̀ ìbàdí, níbi tí àyè ti há gádígádí. Fún èyí, àwọn olùwádìí kan lo awọ adìẹ: wọ́n á ká a mọ́ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á rán an yí ká, wọ́n á wá da omi sí i láti wò ó bóyá ó ń jò.