Àwọn ilé ayálégbé àtijọ́ ní Charleston: ta ló kọ́ wọn, ta ni wọ́n sì tún wọn ṣe fún?

Ìbéèrè: Báwo ni ilé tí olówó kọ́ ṣe di ibi tí àwọn tálákà ń há mọ́ ara wọn?

Ìdáhùn: Charleston jẹ́ ìlú etíkun ní South Carolina, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òógùn àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, pàápàá nínú oko ìrẹsì. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn oníṣòwò kọ́ ilé tí ìsọ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn fúnra wọn sì ń gbé lókè. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1865, òwò ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pọ̀ ilé náà háyà fún àwọn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ní ojúlé 89 sí 91 ní Church Street, àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú kún inú ilé alájà mẹ́ta méjì tó so pọ̀. Wọ́n ń to kábéèjì sójú fèrèsé láti tà á, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ibẹ̀ ní Cabbage Row. Ibẹ̀ ni DuBose Heyward wò kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Porgy, ní 1925.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn kò wó wọn?

Ìdáhùn: Kò sówó tí wọn ì bá fi kọ́ tuntun. Kódà lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1886, ńṣe ni wọ́n ń ki ọ̀pá irin gba inú ọ̀pọ̀ ilé kọjá láti fa ògiri mọ́ra. Orí irin náà ṣì hàn lára ògiri títí dòní.

Ìbéèrè: Ṣé a kò lè fi sìmẹ́ǹtì tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó sì máa ń fa omi. Ẹfun ìkarahun ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìṣáwùrú inú òkun tí wọ́n sun, tí wọ́n sì pò mọ́ iyanrìn, ni wọ́n fi mọ ọ́n, ọ̀rinrin sì ń gba inú ẹfun náà jáde. Sìmẹ́ǹtì líle kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin yìí rọ́nà gbà, inú bíríkì ló máa ń dá a dúró sí, iyọ̀ inú ọ̀rinrin náà yóò sì máa bó ojú bíríkì díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi rún, nígbà tí sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ ṣì dúró gbọn-in.

Ìbéèrè: Àwọn wo ló jẹ àǹfààní àtúnṣe náà?

Ìdáhùn: Susan Pringle Frost bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ilé wọ̀nyí ní 1920. Ní 1931, Dorothy Legge ra ilé kan ní East Bay Street, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún, àwọn aládùúgbò tẹ̀ lé e, àdúgbò náà sì di Rainbow Row, ìyẹn ìlà ilé aláwọ̀ òṣùmàrè. Ọdún yẹn kan náà ni ìlú ṣòfin tó dáàbò bo àdúgbò àtijọ́ lápapọ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Mo bọlá fún iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé bí ilé ṣe ń dára sí i ni owó rẹ̀ ń ga, tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran sì ń di ẹni tí a lé jáde. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Cabbage Row. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àdúgbò Ansonborough láti 1959, níbi tí ẹgbẹ́ Historic Charleston Foundation ti ń ra ilé, tí ó ń tà wọ́n pẹ̀lú àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba ojú wọn jẹ́, tí ó sì ń fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Àdéhùn náà dáàbò bo ògiri. Kò dáàbò bo ayálégbé.