Ìpàtẹ tí wọn kì í dá ẹnikẹ́ni padà

Nínú ìpàtẹ àwòrán, bí wọ́n ṣe ń kun ògiri ní funfun, bí wọ́n ṣe ń tẹ ìwé ìpè, bí wọ́n ṣe ń ra ọtí sílẹ̀ de alẹ́ ìṣíde, ẹ jẹ́ ká fo gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe ìnáwó rí mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìṣíde, tí àwòrán ti dé tán ṣùgbọ́n tí ẹyọ kan ò tíì gun ògiri.

Ẹ wo Transmission, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Glasgow, ní Scotland. Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde nílé ẹ̀kọ́ ọnà ìlú náà ló dá a sílẹ̀ ní 1983, torí wọn ò rí ibi tí wọ́n lè pàtẹ iṣẹ́ wọn sí. Kò ní ọ̀gá. Ìgbìmọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọnà ló ń darí rẹ̀ láìgba owó oṣù, bí ọdún méjì èèyàn bá sì ti pé níbẹ̀, kó fipò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Douglas Gordon, oníṣẹ́ ọnà tó gba ẹ̀bùn Turner, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ Britain, ní 1996, ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn rí. Ẹ wá fi wé àwọn ẹgbẹ́ kan lọ́dọ̀ tiwa, tí akápò ti ń jẹ akápò láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ó ti di àṣà ibẹ̀ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fún ìpàtẹ gbogbo ẹgbẹ́. Wọn kì í yàn, wọn kì í dá padà. Ohun tó wá ń múnú bíni ni kéèyàn máa gbọ́ pé, "Nígbà tí wọn ò yan nǹkan kan, kí ni iṣẹ́ wọn? Ṣebí kí wọ́n kàn án mọ́ ògiri ni."

Kàn án mọ́ ògiri kẹ̀! Bí a bá pe gbogbo mọ̀lẹ́bí síbi ìgbéyàwó, a ò ní lé ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò jókòó níwájú? Ta la ó fi sẹ́yìn, lẹ́bàá ìdáná, níbi tí èéfín wà? Àwòrán gàgàrà aláwọ̀ pupa dà bí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá fi àwòrán kékeré tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀? Fídíò tó ń dún ni onílù. Méjì tó bá jọra jù ńkọ́? Ẹ fi wọ́n súnmọ́ra, aráyé á rò pé aṣọ ẹbí ni. Ẹ fi wọ́n kọjú síra, wọ́n á máa wo ara wọn kọjá orí àlejò bí orogún. Ká tó dé orí ẹni tó máa kọ́kọ́ gba oúnjẹ, ẹ jẹ́ ká padà sídìí ògiri.

Yíyàn ò kúrò nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà ló ti kúrò, ó lọ bá àwọn tó ń to àwòrán.

Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń tò ó. Wọ́n á fi àwòrán ti ògiri, wọ́n á sún un síhìn-ín, sún un sọ́hùn-ún, títí ara yóò fi tu ojú. Ìgbà yẹn ni téèpù ìwọn ń jáde. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí àárín àwòrán ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 150 láti ilẹ̀, níbi tí ojú ẹni tó dúró ń bọ́ sí. Ká ní férémù ga ní 60, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 30. Bí wọ́n bá fa wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ sókè tó sì fi 6 relẹ̀ sí etí òkè, 145 pẹ̀lú 30, ká yọ 6: orí 169 ni ìṣó ń lọ. Ẹni tó bá gbàgbé 6 yẹn, àwòrán rẹ̀ á ga ju tẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ihò á sì ti lu ògiri lásán. Bí iṣẹ́ bá wá pọ̀ ju ògiri lọ, ìṣirò yìí dàrú: àwòrán á gun orí ara wọn, ẹnìkan á wà lókè tí a ń nàgà wò, ẹnìkan á wà nísàlẹ̀ tí a ń bẹ̀rẹ̀ fún. Ìjà ibẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó wà.

Ọdún méjì tí wọ́n fi ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn dára, torí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ilé ẹgbẹ́ di ilé bàbá rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ò rọrùn fún ẹni tí owó ilé ń lé, ìmọ̀ sì ń bá ẹni tó ń lọ jáde. Nírú ilé báyìí, ìwé tó wúlò jù lè jẹ́ abala pélébé tí ìgbìmọ̀ tó ń lọ kọ sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ̀: ògiri tí kì í gba ìṣó, ẹni tó ni àkàbà, èwo nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.