Ibi tí eleven àti twelve ti wá

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní prámárì ló bi mí pé kí ló dé tí òyìnbó ò ní oneteen àti twoteen, tó fi jẹ́ pé orí thirteen ni teen ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni o, torí èmi náà kàn há a sórí ni nígbà tí mo wà níléèwé.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, endleofan ni wọ́n ń pe eleven, ohun tó sì túmọ̀ sí láti ìpilẹ̀ ni "ó ku ẹyọ kan". Twelve jẹ́ twelf, "ó ku méjì". Ẹ wò ó báyìí, èèyàn ń fi ìka ọwọ́ méjèèjì ka nǹkan, ìka tán, nǹkan ò tán, ẹyọ kan ṣì wà nílẹ̀, eleven nìyẹn, tó bá jẹ́ méjì ló ṣẹ́ kù, twelve. Ṣé ẹ rí i pé kò jìnnà sí mọ́kànlá àti méjìlá tiwa, tó jẹ́ ọ̀kan lé lẹ́wàá, méjì lé lẹ́wàá? Àwọn ará Jámánì ṣì ń sọ elf àti zwölf dòní, orísun kan náà ni. Teen yẹn, ten náà ni, ty tó wà nídìí twenty àti thirty sì ń sọ ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Score, tó túmọ̀ sí ogún, ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀dọ̀ àwọn Viking, ìyẹn àwọn ará àríwá Yúróòpù ayé àtijọ́, ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, skor, ìyẹn ilà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà sára igi. Wọ́n ní tí darandaran bá ka ẹran dé ogún, á fàlà kan sára igi ẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ogún-ogún làwa náà ń kà, òun ló bí ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Bíbélì King James ti 1611 pe ọjọ́ ayé èèyàn ní threescore years and ten, ogún mẹ́ta àti mẹ́wàá, tiwa sọ pé àádọ́rin, ogún mẹ́rin dín mẹ́wàá!

Zero wá látinú sifr àwọn Lárúbáwá, òfìfo ló túmọ̀ sí. Million, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì, "ẹgbẹ̀rún ńlá". Billion ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé àtijọ́ láti London, torí mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ló jẹ́ fún wọn tẹ́lẹ̀, ọdún 1974 ni Harold Wilson tó jẹ́ olórí ìjọba wọn sọ nílé aṣòfin pé ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù nìjọba á máa pè bẹ́ẹ̀, bíi ti Amẹ́ríkà.