ECMWF nínú àwọn kọ́ńfáráǹsì ìmọ̀ ojú ọjọ́

ECMWF ni ilé-iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975 kó máa bá wọn wo bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí láti ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì síwájú. Reading ní England ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà, kọ̀ǹpútà ńlá wọn wà ní Bologna ní Ítálì, wọ́n tún ní ọ́fíìsì ní Bonn ní Jámánì. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1979 ni àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún lílò jáde. Lónìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí kọ́ńfáráǹsì ojú ọjọ́ ńlá kan ní Yúróòpù tí èèyàn ò ní bá òṣìṣẹ́ wọn níbẹ̀, yálà ó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ni o, ó dúró ti pósítà, ìyẹn ìwé fífẹ̀ tí wọ́n kọ iṣẹ́ wọn sí, ni o, àbí ó jókòó sẹ́yìn tó ń bi ẹlòmíì ní ìbéèrè.

Àwọn kọ́ńfáráǹsì náà

Ti EMS, ẹgbẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ Yúróòpù, máa ń wáyé nínú oṣù Kẹsàn-án, ó sì máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: Bonn ní 2022, Bratislava ní 2023, Barcelona ní 2024, Ljubljana ní 2025. Kòrónà ò jẹ́ kí ti 2020 wáyé, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti ṣe ti 2021. Ti EGU, ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ayé àti òfuurufú ní Yúróòpù, máa ń wáyé ní Vienna nínú oṣù Kẹrin tàbí ìkarùn-ún, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ti ojú ọjọ́ nìkan. AMS, ẹgbẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919, oṣù Kìíní ni tiwọn.

Máàkì àsọtẹ́lẹ̀

Yunifásítì lè gbé èrò tuntun wá sí kọ́ńfáráǹsì, àmọ́ ilé-iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tó ń jáde lójoojúmọ́ ló ń gbé wá, iṣẹ́ yẹn sì ní máàkì. Gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ tó bá ti jáde ni wọ́n máa ń tọ́jú, tí ọjọ́ náà bá wá pé wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Èyí tí wọ́n sábà máa ń fi ṣíwájú ni ti òfuurufú níbi tí ìfúnpá afẹ́fẹ́ ti jẹ́ 500 hPa, ìyẹn bíi kìlómítà márùn-ún ààbọ̀ sókè: wọ́n á ka iye ọjọ́ tí àsọtẹ́lẹ̀ fi ń bá òótọ́ mu kó tó já sísàlẹ̀ ìdá 80 nínú 100. Iye ọjọ́ yẹn ti ń fi bí ọjọ́ kan lé sí i láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ kẹfà báyìí náà ni wọ́n ṣe ń mọ ọjọ́ karùn-ún ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ó lè dà bíi pé ó kéré, kò kéré rárá.

Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ módẹ́ẹ̀lì wọn, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà, wọ́n á gbé káàdì máàkì kan síta tó kún fún onígun mẹ́ta kéékèèké, èyí tó kọjú sókè ni ibi tó ti dára sí i, èyí tó dorí kodò ni ibi tó ti burú sí i. Àwọn tó dorí kodò yẹn ni ojú àwọn tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ bá.

Èyí tó tún gbajúmọ̀ ni àkójọ 51, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níparí ọdún 1992 pẹ̀lú iye tó kéré sí èyí. Dípò kí wọ́n sọ tẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 51 ni wọ́n ń sọ ọ́, tí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì yàtọ̀ díẹ̀ síra, torí kò sí ẹni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí gan-an níbi gbogbo ní ìṣẹ́jú yìí. Lórí pósítà ó máa ń dà bí òwú: ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí okùn kan ṣoṣo, tó bá di ọjọ́ kẹfà tàbí ìkeje okùn náà á tú. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé ṣé bó ṣe tú yẹn bá àṣìṣe wọn mu. Tí wọ́n bá kó gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ní ìdá 30 nínú 100 ni òjò jọ, ó yẹ kí òjò ti rọ̀ ní bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ 50 ló rọ̀, wọ́n ń fojú kéré òjò nìyẹn. Edward Lorenz, gbajúmọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ lo àsọtẹ́lẹ̀ ECMWF nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1982 láti fi wo ibi tí ìmọ̀ ọ̀la lè dé.

Nídìí pósítà

Pósítà A0 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 84, ó gùn ní 119, iwájú rẹ̀ sì ni àwọn tó ń lo àsọtẹ́lẹ̀ ti máa ń bi òṣìṣẹ́ ECMWF ní ohun tí wọn ò ní bi í lórí pèpéle. Àpẹẹrẹ kan ni ti òtútù òru: níbi tí yìnyín bá bo ilẹ̀, tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn ò fẹ́, módẹ́ẹ̀lì náà máa ń sọ pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju bó ṣe rí lọ, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní àríwá Yúróòpù sì ti ráhùn sí i gan-an. Ọ̀kan nínú ohun tó fà á ni pé ìpele kan ṣoṣo ni módẹ́ẹ̀lì náà ń ka yìnyín ilẹ̀ sí. Ní oṣù Kẹfà 2023 wọ́n pín in sí ìpele tó lè tó márùn-ún, èyí tó wà lókè á wá lè tètè tutù láìdúró de ti ìsàlẹ̀.

AI

AI, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ látinú àkọsílẹ̀, náà ti ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Pangu-Weather ti Huawei àti GraphCast ti Google DeepMind, módẹ́ẹ̀lì AI méjì tí ìwé ìwádìí wọn jáde ní 2023, ERA5 ni àwọn méjèèjì fi kẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ ECMWF ni ERA5, àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ gbogbo ayé ní wákàtí wákàtí láti 1940. AIFS, módẹ́ẹ̀lì AI ti ECMWF fúnra wọn, wọ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2025.

Ìpàdé tiwọn

ECMWF náà máa ń pe ìpàdé: sẹminá ọdọọdún kan wà, ìpàdé àwọn tó ń lo àsọtẹ́lẹ̀ wọn sì máa ń wáyé nínú oṣù Kẹfà.