Kí ni wọ́n ń pè ní humanistic psychology? Ẹ jẹ́ ká bi Celie

Ẹ ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ The Color Purple, ìwé tí Alice Walker gbé jáde lọ́dún 1982 tó sì gba ẹ̀bùn ìwé Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin adúláwọ̀ ọlọ́dún 14 kan ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Celie, ló ń kọ lẹ́tà sí Ọlọ́run. Ó sọ ọjọ́ orí ẹ̀ tán, ó fẹ́ sọ irú ọmọ tóun jẹ́, ó kọ "Mo jẹ́", ló bá fagi lé e, ó wá tún un kọ pé ọjọ́ ti pẹ́ tóun ti ń jẹ́ ọmọ dáadáa. Inú ìwé gan-an ni igi yẹn wà o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tó ń pè ní bàbá ẹ̀ ló ti fipá bá a sùn, ẹnu ẹ̀ ò wá gbà á mọ́ láti sọ pé ọmọ dáadáa lòun títí dòní.

Humanistic psychology, ká má fi gírámà dẹ́rù ba ara wa, ni ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà èèyàn) tí ọ̀rọ̀ "mo jẹ́" yẹn ká lára jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1950 sí 1960, agbo méjì ló ti gba gbogbo ilẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sigmund Freud, dókítà ará Austria, ní ohun tó sá pamọ́ sínú wa láti kékeré ló ń tì wá kiri, àwọn onímọ̀ ìwà bíi B. F. Skinner sì ń fi eku àti ẹyẹlé ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní ìwà tó bá ti lérè leèyàn máa ń tún hù. Abraham Maslow àti Carl Rogers, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì làwọn méjèèjì, wá ní ó dáa, a ti gbọ́, èèyàn fúnra ẹ̀ wá dà? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní agbo kẹta. Rogers máa ń sọ̀rọ̀ pòtétò tí wọ́n kó sí yàrá abẹ́ ilé nígbà tó wà lọ́mọdé, inú òkùnkùn ni, síbẹ̀ ó ń hù, ọ̀mùnú ẹ̀ funfun báláú, ó ń nà lọ síbi fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹni tó bá ti tọ́jú iṣu sílé rí mọ ohun tó ń sọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ lèèyàn náà rí, ibi yòówù kí wọ́n tì í mọ́, nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ṣì ń wá ọ̀nà àtidàgbà.

Ti Maslow lẹ ti máa gbọ́ jù, àkàbà tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1943: oúnjẹ àti omi nísàlẹ̀, ààbò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìfẹ́, iyì, kó tó wá kan self-actualization, ìyẹn ni pé kéèyàn di gbogbo ohun tó lè dà. (Píramídì tí wọ́n máa ń yà yẹn, kì í ṣe Maslow ló yà á.) Àwa náà máa ń sọ pé "ó ti dèèyàn", àmọ́ ilé àti mọ́tò la sábà máa ń ní lọ́kàn. Rogers náà pe ìwé ẹ̀ ti ọdún 1961 ní On Becoming a Person, dídi èèyàn náà ni, àmọ́ ti mọ́tò kọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá fi àkàbà yẹn ka ìwé Celie, ibi kan wà tó ti máa yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Wọ́n fà á lé ọkùnrin kan lọ́wọ́, màlúù ni wọ́n fi ṣe ènì. Celie ò kọ orúkọ ọkùnrin náà, "Mr." ló ń kọ, á wá fa ìlà síwájú ẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ gan-an ni Harpo, ọmọ ọkọ ẹ̀, fi òkúta fọ́ ọ lórí. Tí ọkọ bá ń nà án, á máa sọ fún ara ẹ̀ pé igi lòun. Ti Maslow, ó yẹ kí ààbò dé ná kí iyì tó lè wọlé, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Shug Avery, olórin tó jẹ́ àlè ọkọ ẹ̀, ni wọ́n gbé wálé pẹ̀lú àìsàn, ohun tó kọ́kọ́ rí sọ ni pé Celie mà burẹ́wà o. Celie wẹ̀ ẹ́, ó yarun fún un, ara ẹ̀ yá. Lálẹ́ ọjọ́ kan nílé ọtí Harpo, Shug kọ orin kan, ó ní orin Celie nìyí. Celie kọ ọ́ sí Ọlọ́run pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nì kan máa ṣe nǹkan tó sì máa fi orúkọ òun pè é. Ẹ sì wò ó, ọkọ ẹ̀ ò tíì jáwọ́ nínú lílù. Ìgbà tí Celie tó rẹ́ni fọ̀rọ̀ náà lọ̀, ìyẹn Shug, ni lílù ọ̀hún tó dáwọ́ dúró. Iyì ló lọ mú ààbò wá.

Ohun tí Shug fún un yẹn ni Rogers ń pè ní unconditional positive regard: kí wọ́n kà ẹ́ sí láìsí "tó o bá". Gbogbo ohun tí Celie ti ń gbọ́ látẹ̀yìn, "tó o bá" ló kún inú ẹ̀: tó o bá gbọ́ràn, tó o bá pa ẹnu ẹ mọ́. Mi ò ní Shug jẹ́ dókítà o, ó láfojúdi, ó sì tún padà fi Celie sílẹ̀ torí ọmọkùnrin ọlọ́dún 19 kan. Àmọ́ kì í ṣẹ̀tàn, Rogers náà ò sì fi òótọ́ inú ṣeré.

Nígbà tí Celie rí i pé ọkọ òun ti ń kó lẹ́tà Nettie àbúrò òun pa mọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, abẹ ìfárí ló fẹ́ fi pa á. Shug gba abẹ, ó fún un ní abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ó ní kó máa rán ṣòkòtò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ télọ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó fẹ́ bá Shug lọ sí Memphis, ọkọ ẹ̀ ní tálákà ni, adúláwọ̀ ni, òbùrẹ́wà ni, kí ló fẹ́ lọ jẹ́. Celie ò jiyàn rárá, ó ní ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ lòun rí, ó tiẹ̀ tún fi kún un pé òun lè má mọ oúnjẹ sè, àmọ́ òun wà níbí. Láti Memphis ló ti wá kọ lẹ́tà sí Nettie, ó sì fọwọ́ sí i tòun ti orúkọ ara ẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ṣòkòtò ẹ̀ àti àdírẹ́sì.

Ẹ má sì jẹ́ kí agbo kẹta yìí pa yín lójú jù o. Sofia, ìyàwó Harpo, ò fìgbà kankan fagi lé ara ẹ̀. Ìyàwó méyọ̀, ìyẹn òyìnbó tó jẹ́ olórí ìlú, ní kó wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ òun, ó ní láéláé, méyọ̀ gbá a létí, òun náà gbá méyọ̀ lulẹ̀. Ọlọ́pàá lù ú títí ojú ẹ̀ kan fi fọ́, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 12 fún un. Kí ló kù nínú Sofia tó yẹ kó dàgbà? Òfin òyìnbó ló yẹ kó yí padà, ìmọ̀ tó ń wo inú ẹnì kan ṣoṣo ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ rí ìyẹn.

Ọkọ Celie náà ò wá dúró síbi tó wà. Nígbà tí ìwé ń lọ sópin, ó ń jókòó ti Celie ní fàráńdà, ó ń bá a ránṣọ, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ Shug tó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀. Celie ti ń kọ orúkọ ẹ̀ báyìí, Albert.