Òtútù àyà àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n ń dá dúró sí ọsibítù

Òtútù àyà, tí àwọn elétò ìlera ń pè ní nimóníà, jẹ́ àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Omi tàbí ọyún ni í kún inú àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Orúkọ rẹ̀ ń ṣini lọ́nà díẹ̀, nítorí kòkòrò ló ń fà á, kì í ṣe ọyẹ́ tàbí òjò. Èéfín igi ìdáná sì máa ń dá kún ewu rẹ̀ fún ọmọdé.

Ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ni wọ́n ń dá dúró jù. Nínú ìwádìí kan ní àwọn ọsibítù Amẹ́ríkà láàárín 2010 sí 2012, nínú 10,000 ènìyàn ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan, iye tí àrùn yìí ń gbé dé ọsibítù lọ́dún tó 62 nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, 63 nínú àwọn ẹni ọdún 65 sí 79, àti 164 láti 80 sókè. Láàárín 18 sí 49, kò pé 7. Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde, ìtọ̀ ṣúgà tàbí HIV kò sí nínú ìfọ̀kànbalẹ̀ yìí, bó ti wù kí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó.

Ní 2019, àrùn náà pa ọmọ 740,180 tí kò tíì pé ọdún 5 lágbàáyé: nínú 100 ọmọ tó kú ní ọjọ́ orí yẹn, òun ló pa 14. Àjẹsára ló yí ọ̀rọ̀ padà jù. Ní 2000, Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ ní PCV, àjẹsára tó ń dènà ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń fa òtútù àyà. Nígbà tó fi máa di 2009, iye àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 2 tí wọ́n ń dá dúró ti fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ dínkù. Ti àwọn tó ti lé ní 85 náà dínkù, bẹ́ẹ̀ wọn kò gún wọn lábẹ́rẹ́ yẹn: ọmọ tí kòkòrò kò sí lọ́fun rẹ̀ kò ní kó o ran ìyá àgbà. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ PCV díẹ̀díẹ̀ láti ìparí 2014. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ọmọ ń gbà á.

Síbẹ̀, iye tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni iye àwọn tó ń ṣàìsàn. Ètò Abíye, ètò ìlera aláboyún àti ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, bẹ̀rẹ̀ ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, ọsibítù ìyá àti ọmọ sì ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010, níbi tí ìtọ́jú ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún aláboyún àti ọmọdé nígbà náà. Bí ìlẹ̀kùn bá ṣí báyìí, iye lè gòkè láìjẹ́ pé àrùn náà ń gbilẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: láti 2014, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti gbà kí ọmọ oṣù 2 sí ọdún 5 tí ìsàlẹ̀ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí lo amọkisilíìnì, oògùn tó ń pa kòkòrò, nílé, bí kò bá sí àmì ewu mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ọsibítù ni irú wọn ń sùn.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, nọ́ọ̀sì á ní kí ìyá ká ẹ̀wù ọmọ sókè, á sì fi aago ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ọmọ ń sunkún tàbí ń mu ọmú lọ́wọ́. Tí kò bá tíì pé oṣù 2, 60 ti pọ̀ jù. Láti oṣù 2 sí 11, 50. Láti ọdún 1 sí 5, 40. Èyí tí kò lè mu ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tí gìrì mú, ọsibítù ló ń lọ tààrà.

Ti àgbàlagbà kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè má wúkọ́, ara rẹ̀ lè má gbóná. Oúnjẹ á kàn máa ṣẹ́kù nínú àwo, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèrànrán, àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ni. Kẹ́mísìtì ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ yà sí, torí pé owó ìtọ́jú àpò ẹbí ló ti ń jáde. Ìgbà tí èémí bá ti ń há a ni wọ́n á tó wá ọkọ̀.