Bí Àjọṣepọ̀ Ṣe Ń Wáyé Láàárín Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama ní Áfíríkà àti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Òkun

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí nínú irú àjọṣepọ̀ yìí ni ìwé àdéhùn tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama àti aṣojú kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ìwé náà fúnra rẹ̀ kì í gba ọmọ kankan wọlé. Ìdánilójú ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń wá: pé máàkì tí olùkọ́ kọ sílẹ̀ bá ohun tí ọmọ mọ̀ mu, àti pé ọmọ tó ti ibẹ̀ wá yóò lè fara da iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́.

Ẹni tó bá wo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lè rò pé ìdánwò àpapọ̀ ti yanjú ọ̀ràn náà. Àjọ WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, ló ń ṣe ìdánwò WASSCE fún Nàìjíríà, Gánà, Sierra Leone, Gámbíà àti Làìbéríà. Èsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti A1 títí dé F9, kọ́lẹ́ẹ̀jì sì lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ àjọ náà. Àkókò ni ìṣòro ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà ń parí ìforúkọsílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kìíní, wọ́n sì ń fèsì ní nǹkan bí oṣù Kẹta, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó wà ní kíláàsì àṣekágbá kò tíì jókòó ṣe ìdánwò tí èsì rẹ̀ sábà máa ń jáde ní oṣù Kẹjọ. Nítorí náà, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kọ ni wọ́n fi ń ṣe ìdájọ́: àkọsílẹ̀ máàkì ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, lẹ́tà olùkọ́, àti ìwé tó ṣàlàyé irú ilé-ẹ̀kọ́ náà, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ àti bí máàkì ṣe pín láàárín wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń gba 90 nínú 100 ń pa ara rẹ̀ lára, nítorí òǹkàwé òkè-òkun kò ní mọ ẹni tó ta yọ.

Ẹni tó ń kó àwọn ìwé wọ̀nyí jọ, ìyẹn olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́, ni òpó àjọṣepọ̀ náà. Tí ó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, àdéhùn lè kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fagi lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jọ ti aṣojú tó ń gba owó lórí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó ṣeé ṣe kí ó darí ọmọ síbi tí owó rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Owó ni ó sábà máa ń dí ọ̀nà. Àpẹẹrẹ tó yanjú rẹ̀ dáadáa ni ti ilé-ẹ̀kọ́ Waterford Kamhlaba ní Eswatini, orílẹ̀-èdè kan ní gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1963, tí ó sì wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ United World Colleges, ẹgbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba ọmọ láti onírúurú orílẹ̀-èdè. Láti 2000 ni ètò Davis United World College Scholars ti ń fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà ní owó láti fi ran àwọn tó jáde ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn òfin kan wà tí àdéhùn kò lè yẹ̀. Ní Jámánì, ẹni tí ìwé ẹ̀rí girama rẹ̀ kò tó láti wọ yunifásítì tààrà lè ní láti kọ́kọ́ lo sáà méjì ní Studienkolleg, ìyẹn ilé-ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, kí ó sì yege nínú ìdánwò ìparí rẹ̀. Fíísà náà kò sí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà lè fún ọmọ ní ìwé I-20, tí ọmọ fi ń béèrè fíísà akẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn tí ọmọ náà bá ti fi ẹ̀rí owó hàn, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ló ń pinnu bóyá yóò gba fíísà. Ìdí nìyí tí àdéhùn tí wọ́n ro jinlẹ̀ fi máa ń sọ pé, bí wọn kò bá fún ọmọ ní fíísà lọ́dún yìí, àyè rẹ̀ àti ìrànwọ́ owó rẹ̀ yóò dúró dè é di ọdún tó ń bọ̀.